Skútà, Ledíìsì àbí Boxer: Èwo Ló Bá Òkè Màpó Mu?

Ẹ lọ jókòó sọ́dọ̀ fọkanáísà kan ní Bẹẹrẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó gbọ́ àríyànjiyàn lórí máṣìnì. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiẹ̀ dé, ìbéèrè méjì péré ni wọ́n máa bi í. Àkọ́kọ́: "CC mélòó ni?" Ìkejì: "Ó ń lé mélòó?" Tó bá ti dáhùn méjèèjì, ẹjọ́ parí nìyẹn. Tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré, wọ́n á ní nǹkan ìṣeré ló rà. Tó bá wá jẹ́ pé skútà ni, yéè! Wọ́n á ní máṣìnì obìnrin ni.

Èmi ò fara mọ́ ìbéèrè méjèèjì yẹn. Mi ò sọ pé wọn ò wúlò níbì kankan o. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn àtijọ́, láàárín Ọjà'ba, Màpó, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, ibo lèèyàn ti fẹ́ rí àyè sáré 90? Ọ̀nà tóóró ló wà níbẹ̀, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gálọ́ọ̀pù, gọ́tà tó ṣí sílẹ̀, ìyá tó gbé igbá sórí, ọmọdé tó ń lé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti inú agboolé. Ohun tó máa gbà yín là níbẹ̀ ni bí máṣìnì ṣe ń gun òkè pẹ̀lú èèyàn méjì, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bó ṣe ń dúró, àti ohun tí táyà rẹ̀ ń ṣe tó bá já sí kòtò. Fisíìsì ló ń darí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ẹnu.

Ọ̀rọ̀ owó sì tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa, owó àjọ la fi ń ra máṣìnì, tàbí ká gbà á ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi owó ọdún kan ra èyí tí kò bá àdúgbò rẹ̀ mu, owó yẹn ti wọlẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo eku wa dáadáa ká tó lọ wá ìtẹ́ fún un.

Àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ fi wéra

Mo ti gun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àdúgbò wa, nítorí náà kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́ ni skútà. Ẹsẹ̀ méjèèjì máa ń wà lórí pèpéle pẹlẹbẹ níwájú, táyà rẹ̀ kéré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì fara pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Vespa, tí iléeṣẹ́ Piaggio ní Ítálì gbé jáde lọ́dún 1946, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán rẹ̀, onímọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni, kò sì fẹ́ràn alùpùpù rárá. Lójú tiẹ̀, ṣéènì máa ń ba aṣọ jẹ́, táyà sì ṣòro láti yọ tó bá jò. Ló bá bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, ó sì fi irin di táyà iwájú mú láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bíi ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Vespa àkọ́kọ́ yẹn, 98cc ni, agbára rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 3 lọ púpọ̀. Skútà òde òní, irú Honda Activa 110, kò ní jíà tí èèyàn ń yí. Ẹ kàn máa fún un níná ni, á máa lọ.

Ìkejì ni èyí tí a ń pè ní máṣìnì ledíìsì. Àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi ti skútà, èèyàn ò ní gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó gùn ún, àmọ́ táyà rẹ̀ tóbi, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 17. Ó ní jíà tí a ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́. Honda ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lọ́dún 1958 pẹ̀lú Super Cub, C70 tí àwọn ìyá wa mọ̀ sì wà lára ìdílé yẹn. Yamaha àti Suzuki náà ṣe tiwọn. Wọ́n ní Takeo Fujisawa, ẹnì kejì Soichiro Honda nínú iléeṣẹ́ náà, fẹ́ máṣìnì tí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri ní Japan lè fi ọwọ́ kan gùn, kó fi ọwọ́ kejì gbé abọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe nínú Super Cub ti pé mílíọ̀nù 100. Kò sí ọkọ̀ onímọ́tò mìíràn tó tà tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ìkẹta ni Boxer, ti iléeṣẹ́ Bajaj ní Íńdíà. Ta ni kò mọ Boxer? Òun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà fi ń jẹun. Táyà ńlá, ìjókòó gígùn, ẹ́ńjìnnì 100 tàbí 150.

Táyà kékeré, kòtò ńlá

Ibi tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rèé, torí pé òun ni wọn kì í bèèrè.

Ríìmù skútà àtijọ́ jẹ́ ínṣì 10. Tí a bá fi rọ́bà rẹ̀ kún un, gíga táyà náà láti ilẹ̀ dé òkè máa tó sẹ̀ǹtímítà 43. Ti ledíìsì tàbí Boxer máa tó 56. Ẹ wá fojú inú wo gálọ́ọ̀pù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Tí a bá fi ìṣirò òbíríkítí tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì wò ó, táyà kékeré máa rì wọ inú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6. Táyà ńlá máa rì tó 4 àti díẹ̀. Ẹ lè ní ìyàtọ̀ yẹn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rírì nìkan ni wàhálà, jíjáde níbẹ̀ náà ń bọ̀. Tí etí kòtò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 8, agbára tí yóò ti táyà kékeré gùn ún fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan ju ti táyà ńlá lọ. Ibo ni agbára yẹn ti ń wá? Ara sípíídì yín ni. Ìdí nìyẹn tí skútà fi máa ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kan fà á sẹ́yìn lójijì tó bá bọ́ sí kòtò, tí ọwọ́ ìdarí á sì fẹ́ já gbà mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Nǹkan kejì tún wà. Lára skútà, ẹ́ńjìnnì so mọ́ táyà ẹ̀yìn, méjèèjì jọ ń fò sókè sódò ni. Lára Boxer, ẹ́ńjìnnì wà láàárín, ara férémù ló so mọ́, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fò. Nǹkan tó wúwo kì í yára yí ìrìn rẹ̀ padà. Tí táyà tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì bá ti fò kúrò nílẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó padà di ilẹ̀ mú. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lófuurufú yẹn, kò sí búrẹ́èkì, kò sí ìdarí. Lójú títì tó tẹ́jú, ẹ ò ní mọ̀ rárá. Níbi tí òjò ti wọ ọ̀dà kúrò, tí òkúta sì yọ jáde, ìdí yín á mọ̀ kí orí yín tó mọ̀.

Àwọn tó ń ṣe skútà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tuntun kan fi gbé táyà iwájú dé ínṣì 12. Ó sàn díẹ̀. Kò tíì di 17.

Gígun òkè: agbára ẹṣin mélòó?

Ìbàdàn wà lórí òkè nítorí ogun. Àwọn jagunjagun tó tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829 fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa rí ọ̀tá lókèèrè. Wọn ò ro ti máṣìnì mọ́ ọn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó sórí òkè tiẹ̀, títí dòní, ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ọjà'ba gbọ́dọ̀ gùn kó tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Máṣìnì jẹ́ kílò 110, ẹni tó gùn ún àti èrò ẹ̀yìn jẹ́ 140 lápapọ̀, ẹrù jẹ́ 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 270. Ká sọ pé gbogbo mítà 10 tí a bá rìn, a ń gòkè mítà kan. Tí a bá fẹ́ máa lọ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, agbára tó gbọ́dọ̀ dé ara táyà ẹ̀yìn jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 2,600, ìyẹn agbára ẹṣin 3 àbọ̀ àti díẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Skútà 50cc, 3 sí 4 ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì sọnù kó tó dé táyà. Kò lè gun òkè yẹn pẹ̀lú èèyàn méjì láìmí hẹlẹhẹlẹ. C70 ní bíi 6. Activa 110 ní bíi 8, Boxer 100 náà ní bíi 8, Boxer 150 ní bíi 12. Ẹ ti rí i báyìí: láti 100cc lọ sókè, agbára tó láti gun òkè wa, ó tún ṣẹ́kù. Ẹni tó ń fi 150 yangàn lórí òkè Màpó, ìyókù agbára rẹ̀, ariwo ló ń fi ṣe.

Ṣùgbọ́n bí agbára ṣe ń dé táyà yàtọ̀ síra. Skútà aláìníjíà ń lo bẹ́líìtì láàárín pọ́lì méjì tó lè fẹ̀, tó sì lè fún. Nínú pọ́lì iwájú, àwọn irin róbótó kan wà tó máa ń sá lọ sí etí bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí i, gẹ́gẹ́ bí òkúta tí ọmọdé so mọ́ okùn tó ń fì yí orí ká ṣe máa ń fà síta. Bí wọ́n ṣe ń sún síta ni wọ́n ń ti pọ́lì náà fún, tí "jíà" ń yí fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Wàhálà rẹ̀ ni pé bẹ́líìtì máa ń yọ̀ díẹ̀, yíyọ̀ yẹn ń di ooru, ooru yẹn sì jẹ́ epo tí ẹ fi owó rà. Tí ẹ bá ń fi skútà gbé èèyàn méjì gun òkè láti àárọ̀ dalẹ́, bẹ́líìtì yẹn máa gbó kíákíá. Ṣéènì tí a fi ọ́ìlì sí dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdánù agbára.

Sísọ̀kalẹ̀ ló le jù

Gbogbo wa la ń sọ̀rọ̀ gígun òkè. Mélòó nínú wa ló ń sọ̀rọ̀ sísọ̀? Bẹ́ẹ̀, máṣìnì tí kò bá lè gun òkè á kàn dúró ni. Èyí tí kò bá lè dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńkọ́?

Kílò 270 wa yẹn, tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ga tó mítà 30, agbára tí òòfà ilẹ̀ fún un ju júùlù 79,000 lọ. Ìyẹn tó láti gbé omi lítà kan láti ìwọ̀n ooru 30 dé 49. Agbára yẹn gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Tí kò bá lọ sínú ẹ́ńjìnnì, inú búrẹ́èkì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Tí kò bá wọ inú búrẹ́èkì, ara sípíídì yín ló máa wà. Búrẹ́èkì tó bá sì ti gbóná jù kì í di nǹkan mú mọ́ bó ṣe yẹ.

Ibí ni máṣìnì oníjíà ti gba ẹ̀yẹ. Tí ẹ bá fi Boxer tàbí ledíìsì sí jíà kejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, tí ẹ sì dẹ ọwọ́ iná, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa fà yín sẹ́yìn. Búrẹ́èkì á sinmi. Lórí skútà aláìníjíà, ìfàsẹ́yìn yẹn kéré, tí sípíídì bá sì ti wálẹ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ á já fúnra rẹ̀, máṣìnì á wá máa yọ̀ lọ lófìfo bíi bárò. Ẹni tó bá gun skútà gbọ́dọ̀ mọ èyí: fún un níná díẹ̀ kí kílọ́ọ̀ṣì mú, kí o wá dẹ ọwọ́. Á tún fà ọ́ sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Búrẹ́èkì lo máa gbára lé fún ìyókù, nítorí náà búrẹ́èkì tó ti jẹ tán kò gbọ́dọ̀ wà lára skútà ní Ọjà'ba.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo ti kúrò ní nǹkan bíi ₦190 tó sì kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, mo ń rí àwọn tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè, tí wọ́n á fi sí fíríì, tí wọ́n á jẹ́ kó máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ kí epo má baà jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣírò rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kì í gùn ju ìdajì kìlómítà lọ. Epo tí ẹ fi pa mọ́ níbẹ̀, owó súìtì méjì-mẹ́ta ni. Ẹ sì ti lé ẹni tó ń bá yín di máṣìnì mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Búrẹ́èkì iwájú kì í ṣe ọ̀tá

Èyí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ pé, "Má fọwọ́ kan búrẹ́èkì iwájú o, á gbé ẹ ṣubú." Mo ti rí máṣìnì tí wọ́n ti tú wáyà búrẹ́èkì iwájú rẹ̀ jù sílẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì ń rẹ́rìn-ín pé òun kò nílò rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí máṣìnì bá ń dúró, ìwúwo máa ń sún síwájú, gẹ́gẹ́ bí gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì ṣe máa ń tẹ̀ síwájú tí dẹ́rẹ́bà bá tẹ búrẹ́èkì. Lórí skútà, nígbà tó wà lójú kan, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ìwúwo ló wà lórí táyà iwájú, 60 wà lẹ́yìn. Tí ẹ bá tẹ búrẹ́èkì gan-an, á yí padà: nǹkan bíi 70 á wà níwájú, 30 á kù sẹ́yìn. Táyà tó ní ìwúwo lórí ló ń di ilẹ̀ mú. Ẹni tó ń lo búrẹ́èkì ẹ̀yìn nìkan, táyà tí kò ní ìwúwo mọ́ ló ń bẹ̀. Ó máa ń yọ̀, máṣìnì á wá gba ẹ̀gbẹ́.

Ní sípíídì 40, tí ẹ bá lo ti ẹ̀yìn nìkan lójú títì gbígbẹ, ẹ máa rìn tó nǹkan bíi mítà 21 kí ẹ tó dúró. Tí ẹ bá lo méjèèjì dáadáa, mítà 10 péré. Méjèèjì tún ní mítà 11 tí ẹ ti rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí ojú yín fi rí i tí ọwọ́ yín sì gbọ́. Mítà 11 tó kù láàárín méjèèjì yẹn, ó lè jẹ́ ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù ló dúró síbẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ṣubú pẹ̀lú búrẹ́èkì iwájú? Torí pé wọ́n já a gbà ni, wọn ò fún un díẹ̀díẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé wọ́n wà nínú kọ́nà, tàbí lórí yanrìn, tàbí lórí ilẹ̀ tútù. Ẹ fún un bí ẹni ń fún ọsàn: díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ìwúwo kọ́kọ́ sún síwájú, kí ẹ wá fi kún un. Ẹ lọ síbi tó gbẹ tó sì ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ dánrawò nígbà ogún. Skútà tuntun kan wà tí ọwọ́ kan ń fa búrẹ́èkì iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Lójú tèmi, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń kọ́ni ní máṣìnì gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́ "má fọwọ́ kàn án" yìí. Ẹ̀kọ́ yẹn léwu ju kí èèyàn ra máṣìnì tí kò bá a mu lọ.

Ibi tí skútà ti borí wọn

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bú skútà o. Òtítọ́ ni mo ń wá.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń yí lójú kan. Àárín táyà rẹ̀ méjèèjì kò jìnnà síra, táyà kékeré sì yára láti yí. Nínú àwọn ọ̀nà tóóró láàárín agboolé ní Bẹyẹrúnkà, níbi tí mo ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí n tó lè yí Boxer padà, skútà á kàn rọra yí ni. (Ohun kan náà yìí ló ń jẹ́ kó máa gbọ̀n tí ẹ bá fi sá 60 lójú ọ̀nà tó rí jágajàga. Ẹ̀bùn àti àbùkù, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.)

Ìkejì, gbígbéra lórí òkè. Nínú gosílóò Bẹẹrẹ, tí ọkọ̀ iwájú dúró, tí ti ẹ̀yìn sì ti sún mọ́ ọ, ẹni tó gun Boxer ní láti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ búrẹ́èkì, kó fi ẹsẹ̀ òsì dúró, kó máa dẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó sì máa fún un níná. Tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ́ńjìnnì á kú tàbí kó yí padà sẹ́yìn. Skútà aláìníjíà? Ọwọ́ òsì di búrẹ́èkì mú, ọwọ́ ọ̀tún fún un níná, ẹsẹ̀ méjèèjì ráyè dúró nílẹ̀. Ó parí.

Ìkẹta, ẹrù àti aṣọ. Báàgì tó wà lórí pèpéle láàárín ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò lè fi máṣìnì ṣòjòjò bíi ti àpò tí wọ́n gbé sórí tánkì. Ẹni tó wọ ìró, ẹni tó wọ agbádá, ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, kò ní ká a sókè kó tó jókòó. Omi ẹrẹ̀ kì í sì ta sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ òkè máa ń gbé ọjà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ọjẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin kan ń pe ti ẹ̀gbọ́n yìí ní máṣìnì obìnrin, ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ọkùnrin ló wá ń gbé ẹrù yín dé ọjà ni?" Wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

A kì í fi ojú olójú ríran. Ẹni tó kọ máṣìnì tó bá a mu nítorí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ yẹn kò ní bá a san owó ilé ìwòsàn.

Owó epo àti ọwọ́ mẹkáníìkì

Ká fi ₦900 fún lítà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé skútà ń rin kìlómítà 45 lórí lítà kan, tí oníjíà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rin 60. Ẹni tó ń rin 40 lóòjọ́ máa fi nǹkan bíi ₦200 lójúmọ́ san owó bẹ́líìtì tó ń yọ̀. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ 25, ₦5,000 nìyẹn. Kò lè pa oníṣẹ́ ọ́fíìsì, àmọ́ ó lè pa ọlọ́kadà.

Ti pátì tún wà. Pátì Boxer, kò sí ibi tí ẹ ò ti ní rí i, ẹ ò tiẹ̀ ní dé Àràròmí ní Gate. Ọmọ iṣẹ́ ọdún kan lè tú u pẹ̀lú ojú dídì. Bẹ́líìtì skútà ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹ máa wá a kiri, mẹkáníìkì tó mọ inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ohun mìíràn tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń rà á: skútà aláìníjíà kì í ṣe é tì kó tó jí. Tí bátìrì bá kú, tí ibi tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ náà bá sì ti bàjẹ́, ó di kẹ́ ẹ máa tì í lọ sílé nìyẹn, bó sì ṣe òkè, òkè náà ni.

Ẹ má gbàgbé ti oníná mànàmáná tó ń bọ̀. Ní Benin àti Togo, iléeṣẹ́ Spiro ti kó wọn síta: bátìrì tó bá ti tán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó kún sí i, ẹ ó máa lọ. Mọ́tò oníná kò nílò kí ó kọ́kọ́ yára kí ó tó lágbára, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń fà. Èyí dára fún òkè. Àwọn kan tún lè sọ agbára ìsọ̀kalẹ̀ di iná padà sínú bátìrì. Júùlù 79,000 tí a ń sọ lókè yẹn, dípò kó máa jó búrẹ́èkì, díẹ̀ nínú rẹ̀ á padà wá ràn yín lọ́wọ́ lórí òkè kejì. Tí ibùdó bátìrì bá dé Màpó lọ́jọ́ kan, mo máa tún ìwé yìí kọ.

Ibi tí mo fì sí

Tí ẹ bá ń gbé Ìbàdàn àtijọ́, tí ẹ̀yin nìkan tàbí ẹ̀yin àti ẹnì kan ń gùn ún, ledíìsì oníríìmù 17, láàárín 100cc sí 125cc, ni mo fọwọ́ sí. Ó ní táyà tó mọ kòtò wa, jíà tó mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa, àárín rẹ̀ sì ṣí fún ìró àti ẹrù. Ó dùn mí pé òun gan-an ni a pa tì jù, nítorí orúkọ tí a fún un. Ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù Super Cub kò lè jẹ́ ti obìnrin nìkan láyé.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀kadà ni, pẹ̀lú ẹrù àti èrò láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ra Boxer. 100 tó, àfi tí ẹ bá ń jáde lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí títì ti dára, bíi Bódìjà tàbí inú Yunifásítì, tí ẹ sì ń padà sílé ní Ọjà'ba lálẹ́, skútà 110 lè ṣe é, bí táyà iwájú rẹ̀ bá jẹ́ 12, tí búrẹ́èkì rẹ̀ sì ń jẹ́ ìpè. Ẹ má ra 50cc. Fún òkè wa, owó dànù ni.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ dé àṣíborí kí ẹ sì so okùn rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí Cochrane gbé jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé ó ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Èyí tí ẹ gbé kọ́ ọwọ́ kò dín nǹkan kan kù.

Tí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta máṣìnì, tó ń sọ fún yín pé ó ń lé 110, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi í ní mẹ́ta yìí: ínṣì mélòó ni ríìmù rẹ̀? Kí ló ń dì í mú tó bá ń sọ̀ kalẹ̀? Ṣé búrẹ́èkì iwájú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Tí kò bá lè dáhùn, ẹ sọ owó yín padà sápò.